Ohun tí Ìdí Ọpọlọ Ń Gbọ́: Àgbéyẹ̀wò láti Ilẹ̀ Rẹ́mọ

Ní ọdún 2007, Tinuade Ogunlesi àti àwọn oníṣègùn ọmọdé ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí kan jáde nínú Nigerian Journal of Medicine. Ilé ìwòsàn méjì ni wọ́n ti kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ jọ: ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ ìṣègùn ti Fásitì Olabisi Onabanjo ní Ṣàgámù, ní ilẹ̀ Rẹ́mọ, àti Wesley Guild ní Iléṣà. Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ tuntun tí ibà pọ́njú ti wọ̀ wọ́n dé ọpọlọ ni. Àwọn tó kú nínú wọn kì í ṣe díẹ̀. Lára àwọn tó là á já, ohun mẹ́ta ló wọ́pọ̀ jù: ọwọ́ àti ẹsẹ̀ tí ọpọlọ kò lè darí mọ́, wárápá, àti kí ọmọ di adití.

Ẹ̀kẹta yìí ni mo fẹ́ tọ ipasẹ̀ rẹ̀. Nínú púpọ̀ àwọn ọmọ tí ibà pọ́njú sọ di adití, etí fúnra rẹ̀ kò ní àbùkù. Awọ ìlù etí pé, egungun kéékèèké inú rẹ̀ pé, sẹ́ẹ̀lì onírun tó ń kó ìró jọ ṣì ń ṣiṣẹ́. Ibi tó bàjẹ́ wà lẹ́yìn etí, ní ìdí ọpọlọ, níbi tí ọpọlọ ti so kọ́ ọ̀pá ẹ̀yìn. Kí ni ibà yìí ń wá lọ síbẹ̀? Kí ló dé tó fi jẹ́ àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣiṣẹ́ ìgbọ́ràn ló ń kọ́kọ́ mú? Kò sí bí a ṣe lè dáhùn láìmọ ohun tí àwọn sẹ́ẹ̀lì wọ̀nyí ń ṣe nígbà tí ìró bá dé ọ̀dọ̀ wọn. Yàrá ìwádìí tó jìnnà sí Rẹ́mọ ni wọ́n ti ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ tí mo fẹ́ gbé yẹ̀ wò, lára ológbò, òwìwí àti oríṣiríṣi eku. Ṣùgbọ́n àwa gan-an ni ọ̀rọ̀ náà kàn.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti inú etí. Mímì afẹ́fẹ́ ni ìró. Mímì náà á gba ara awọ ìlù etí kọjá sára egungun mẹ́ta, á sì wọ kọ́kílíà, ihò olómi tó lọ́ yí ara rẹ̀ ká nínú egungun orí. Georg von Békésy gba ẹ̀bùn Nobel ní 1961 nítorí pé ó fi hàn pé ibi tí ohùn òkè ti ń mi kọ́kílíà yàtọ̀ sí ibi tí ohùn ìsàlẹ̀ ti ń mì ín. Nǹkan bí 3,500 sẹ́ẹ̀lì onírun tó tò sí ìlà inú ló ń sọ mímì yìí di iná mànàmáná kéékèèké, nǹkan bí 30,000 okùn iṣan ló sì ń gbé iná náà lọ sí ìdí ọpọlọ. Iye yìí kéré púpọ̀. Iṣan ojú kan ṣoṣo ní okùn tó tó mílíọ̀nù kan. Àsìkò ni etí fi ń dí àlàfo yẹn: kì í ṣe pé okùn kan gbéṣẹ́ dé nìkan ló ṣe pàtàkì, bí kò ṣe ìgbà tó gbé e dé gan-an.

Nelson Kiang fi èyí hàn ní 1965 nínú ìwé tó kọ lórí iṣan ìgbọ́ràn ológbò. Okùn kọ̀ọ̀kan ní ohùn kan tó mọ̀ jù, èyí tí yóò dá lóhùn bí ó ti wù kó rẹlẹ̀ tó. Bí ìró bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, iná á máa ta lára okùn náà léraléra, lẹ́yìn náà ni á rọ̀ díẹ̀ tí á wá dúró sójú kan. Bí ohùn náà kò bá ga jù, iná yóò máa ta ní ojú kan náà nínú mímì kọ̀ọ̀kan. Ohùn ọkùnrin tó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ lè mú afẹ́fẹ́ mì ní ìgbà 120 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Àwọn okùn iṣan á sì máa bá a rìn ní ìṣísẹ̀ kan náà. Nínú ológbò, èyí ń lọ títí mímì náà fi dé nǹkan bí 4,000 tàbí 5,000 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, kó tó dà rú.

Gbogbo okùn yìí ló ń wọ ibùdó kan ṣoṣo, àkọ́kọ́ nínú ìdí ọpọlọ, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní cochlear nucleus. Lójú tèmi, ibí yìí ni ọ̀rọ̀ náà ti dùn jù, torí pé ìró kan náà tó gba ọ̀nà kan wọlé ń di ìròyìn oríṣiríṣi lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. R. R. Pfeiffer ló kọ́kọ́ to àwọn sẹ́ẹ̀lì ibẹ̀ sí ìsọ̀rí ní 1966 nípa bí wọ́n ṣe ń dáhùn. Ọgbọ́n tí wọ́n ń lò rọrùn láti sọ: a mú kí ohùn kúkúrú kan dún, kò ní tó ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá, a tún un dún ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìgbà, a sì kọ àsìkò tí iná ta lára sẹ́ẹ̀lì kan sílẹ̀ ní gbogbo ìgbà náà. Àwòrán tó bá jáde ni ìdáhùn sẹ́ẹ̀lì yẹn.

Àwòrán àwọn kan jọ ti okùn iṣan fúnra rẹ̀. Bushy ni wọ́n ń pe àwọn yẹn. Wọn kì í fi ohunkóhun kún iṣẹ́ tí wọ́n gbà, kàkà bẹ́ẹ̀ wọ́n ń tún àsìkò rẹ̀ ṣe sí i. Bí ohùn bá wà nísàlẹ̀, ìṣísẹ̀ wọn pẹ̀lú mímì afẹ́fẹ́ máa ń péye ju ti okùn iṣan tó ránṣẹ́ sí wọn lọ. Àwọn stellate yàtọ̀ pátápátá. Ìṣísẹ̀ ti ara wọn ni wọ́n ń rìn, wọ́n á máa ta iná ní àlàfo tó dọ́gba láìka bí afẹ́fẹ́ ṣe ń mì sí, ìyára wọn sì ń sọ bí ìró náà ṣe le tó. Àwọn octopus kì í sọ ju ẹyọ ọ̀rọ̀ kan lọ. Sẹ́ẹ̀lì octopus kan ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ okùn iṣan, kò sì ní dáhùn àyàfi tí púpọ̀ nínú wọn bá kàn án lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ọ̀pá bá kan awọ dùndún, á ta iná lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ní ìbẹ̀rẹ̀ ìró náà gẹ́lẹ́, lẹ́yìn náà á dákẹ́. Irú kẹrin ni fusiform, tó wà ní apá ẹ̀yìn ibùdó náà. Òun máa ń dáhùn, á dúró, á tún bẹ̀rẹ̀, ó sì tún ń gba ìròyìn láti awọ ojú àti iṣan ọrùn. Àwọn tó ń wádìí nípa ariwo tí ẹnìkan ń gbọ́ nínú etí nígbà tí kò sí ìró kankan níta ti ń fojú sí i lára fún ìgbà pípẹ́.

Ó gba ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n tó mọ èyí tó jẹ́ èwo. Ẹni tó ń wo sẹ́ẹ̀lì ní abẹ́ ẹ̀rọ asọnǹkan-di-ńlá mọ ìrísí rẹ̀, ẹni tó ń fetí sí iná rẹ̀ mọ ìdáhùn rẹ̀, ṣùgbọ́n ta ló lè búra pé ọ̀kan náà ni wọ́n? Ní 1983, Rhode, Oertel àti Smith ta àwọ̀ sínú sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ti gbọ́ ìdáhùn rẹ̀ tán, kí wọ́n lè rí ìrísí rẹ̀ lẹ́yìn náà. Irú iṣẹ́ sùúrù báyìí ni mo ka sí òpómúléró gbogbo ìmọ̀ yìí, bí wọn kò tilẹ̀ sábà dárúkọ rẹ̀ níta.

Láti ibùdó àkọ́kọ́, ọ̀nà àwọn bushy já sí superior olive, ibi tí ìròyìn etí ọ̀tún àti ti òsì ti kọ́kọ́ pàdé. Ẹni tó dúró lẹ́bàá títì Ṣàgámù sí Ìkẹ́nnẹ́, tó sì gbọ́ họ́ọ̀nù ọkadà láti apá ọ̀tún, á ti mọ ibi tó ń bọ̀ kó tó yíjú. Ìró náà dé etí ọ̀tún ṣáájú òsì, ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ kò ju nǹkan bí ìdá méje nínú ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá lọ, orí ènìyàn kò sì fẹ̀ tó láti mú un jù bẹ́ẹ̀ lọ. A tilẹ̀ lè mọ ìyàtọ̀ tó kéré tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá. Báwo ni sẹ́ẹ̀lì tí iná tirẹ̀ ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ nílẹ̀ kó tó kú ṣe ń mọ̀ ọ́n?

Lloyd Jeffress dábàá ìdáhùn kan ní 1948: pé okùn iṣan tí gígùn wọn kò dọ́gba ló ń dá ìròyìn etí kan dúró díẹ̀ títí ti èkejì á fi dé, sẹ́ẹ̀lì tí méjèèjì bá sì kàn pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà ni yóò sọ ibi tí ìró ti wá. Nǹkan bí ogójì ọdún lẹ́yìn náà, Catherine Carr àti Masakazu Konishi rí i nínú orí òwìwí bí Jeffress ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́. Ní 1990 ni wọ́n tẹ ìwádìí náà jáde. Gbogbo ènìyàn rò pé ọ̀rọ̀ ti parí. Ṣùgbọ́n ní 2001, David McAlpine àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí i lára àwọn eku guinea pig pé sẹ́ẹ̀lì wọn kò tò bẹ́ẹ̀. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, Brand, Grothe àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn dí oje glycine, èyí tí sẹ́ẹ̀lì kan fi ń pa èkejì lẹ́nu mọ́, lára ẹranko gerbil, ibi tí sẹ́ẹ̀lì náà ń fojú sí sì yí padà. Àríyànjiyàn náà kò tíì tán. Mo wà lẹ́yìn àwọn tó ní a kò gbọ́dọ̀ fi òwìwí ṣe òdiwọ̀n fún ẹranko tó ń fọ́mọ lọ́mú. Ẹyẹ àti ẹranko gba ọ̀nà ọ̀tọ̀ dé ibi ọgbọ́n kan náà.

Nínú superior olive yìí kan náà ni àwọn sẹ́ẹ̀lì mìíràn wà tí wọn kì í wo àsìkò tó bẹ́ẹ̀. Èwo nínú etí méjèèjì ni ìró ti le jù ni wọ́n ń wò, etí kan á máa ta wọ́n jí, èkejì á máa pa wọ́n lẹ́nu mọ́. Iṣẹ́ tó ń wá láti etí kejì yẹn gbọ́dọ̀ yára kó lè bá ti àkọ́kọ́ dé pọ̀, ojú ibi tí sẹ́ẹ̀lì kan ti ń fi iṣẹ́ lé èkejì lọ́wọ́ ní ọ̀nà yẹn sì wà lára èyí tó tóbi jù nínú ọpọlọ. Hans Held, ará Jámánì, ṣàpèjúwe rẹ̀ ní 1893: ẹnu okùn iṣan tó gbòòrò, tó di sẹ́ẹ̀lì mú bí ọwọ́ ṣe ń di obì mú. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi ń pè é títí dòní, calyx ti Held. Ẹ fi í sọ́kàn, torí pé ibà pọ́njú máa dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Gbogbo ọ̀nà wọ̀nyí ló tún pàdé ní inferior colliculus, lókè pátápátá ìdí ọpọlọ. Ibí yìí ni sẹ́ẹ̀lì ti ń dá lílọsókè-lọsódò ìró lóhùn. Langner àti Schreiner fi hàn ní 1988 lára ológbò pé sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan ní ìyára lílọ-bíbọ̀ tó fẹ́ràn. A lè fi wáyà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ orí ènìyàn gba ìdáhùn àwọn sẹ́ẹ̀lì ìdí ọpọlọ lápapọ̀, ìdáhùn náà sì ń gbé ohùn ọ̀rọ̀ tí ènìyàn gbọ́ jáde débi pé tí a bá fi ẹ̀rọ sọ ọ́ di ìró padà, a lè gbọ́ ohùn náà nínú rẹ̀.

Ó yẹ kí èyí gba àfiyèsí wa. Ohùn òkè, ti àárín àti ti ìsàlẹ̀ ni ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ Yorùbá dúró lé, ìyára mímì ohùn ni wọ́n sì fi ń yàtọ̀ síra. Ananthanarayan Krishnan àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2005 pé ìdí ọpọlọ àwọn tí Ṣáínà jẹ́ èdè abínibí wọn ń tọ ohùn èdè náà lẹ́sẹ̀ dáadáa ju ti àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì lọ. Ní 2007, Patrick Wong, Nina Kraus àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn rí irú rẹ̀ lára àwọn tó ti kọ́ orin fún ọdún púpọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kò gbọ́ èdè Ṣáínà. Èdè àti orin ń kọ́ ìdí ọpọlọ lẹ́kọ̀ọ́, nígbà tí ọ̀pọ̀ ti rò pé ọ̀nà lásán ni. Àtúnṣe kan wà o: láti 2016, Emily Coffey àti àwọn mìíràn ti fi hàn pé ọpọlọ òkè náà ń dá sí ìdáhùn tí wáyà orí ń gbà, nítorí náà a kò lè fi gbogbo rẹ̀ fún ìdí ọpọlọ mọ́. Mo gba àtúnṣe yẹn tọwọ́tẹsẹ̀. Síbẹ̀, èdè Ṣáínà àti ti Thailand ni wọ́n ti fi ṣe púpọ̀ nínú irú iṣẹ́ yìí, ohùn wọn sì ń yí gòkè yí sọ̀kalẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ kan. Tiwa dúró lórí ipele mẹ́ta. Èdè tiwa lè bi ìdí ọpọlọ ní ìbéèrè tí tiwọn kò bi í. Cecilia Durojaye àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti wọn dùndún àti ohùn ẹnu pọ̀ ní 2021, wọ́n sì rí bí ìlù ṣe ń tẹ̀ lé ohùn ọ̀rọ̀. Ohun èlò ìwádìí ti wà nílẹ̀.

Wáyà orí yìí náà ló gbé wa padà sí wọ́ọ̀dù ọmọ tuntun. Ní 1971, Don Jewett àti John Williston ṣàlàyé nínú ìwé àtìgbàdégbà Brain pé bí a bá mú kí ìró ṣókí kan dún sí etí lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kejì, títí dé bíi ẹgbẹ̀rún kan tàbí méjì, tí a sì pa gbogbo ìdáhùn pọ̀, ìgbì kéékèèké á hàn láàárín ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ìṣẹ́jú àáyá. Ìgbì àkọ́kọ́ ti inú iṣan ìgbọ́ràn wá. Ìkẹta ti ibùdó àkọ́kọ́ àti àyíká rẹ̀ wá, ìkarùn-ún sì ti nítòsí inferior colliculus. Kò sí ìbéèrè tí ọmọ ní láti dáhùn, kó sáà sùn. ABR ni wọ́n ń pè é nílé ìwòsàn.

Bilirúbìn ni ohun tó ń sọ ojú ọmọ di pípọ́n. Láti ara ẹ̀jẹ̀ pupa tó fọ́ ló ti ń wá, ẹ̀dọ̀ ọmọ tuntun kò sì tíì lágbára tó láti kó o dànù. Bí ó bá pọ̀ ju ohun tí èròjà albumin inú ẹ̀jẹ̀ lè dì mú lọ, á wọ ọpọlọ. Charles Gunn ṣàpèjúwe ìran eku kan ní Kánádà ní 1938 tí wọ́n ń bí ibà pọ́njú mọ́, lára eku wọ̀nyí la sì ti mọ púpọ̀. Steven Shapiro fi hàn pé ìgbì àwọn ibùdó ìdí ọpọlọ wọn ń rẹlẹ̀, ó sì ń pẹ́ kó tó dé. Nígbà tí òun àti Conlee wo ọpọlọ eku náà, tí wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1991, sẹ́ẹ̀lì cochlear nucleus ti súnkì. Ní 2010, Haustein àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí i pé calyx ti Held pàápàá ń jẹrà nínú ọpọlọ eku tí bilirúbìn rẹ̀ lọ sókè lójijì. Àwọn tó ń ṣọ́ àsìkò ni májèlé yìí ń pa. Iná wọn ń ta ju ti ọ̀pọ̀ sẹ́ẹ̀lì mìíràn lọ, wọ́n sì ń jẹ agbára púpọ̀. Ohun tó mú wọn péye yẹn náà ló jọ pé kò jẹ́ kí wọ́n lè dúró.

Ìròyìn ayọ̀ kan wà nínú rẹ̀. Ní 1984, Nwaesei àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ ọ́ sínú Pediatrics pé ìgbì ABR àwọn ọmọ tó ní ibà pọ́njú tó le ń sunwọ̀n sí i lẹ́yìn tí wọ́n bá pàrọ̀ ẹ̀jẹ̀ wọn. Ìdí ọpọlọ á ti ké gbàjarè kí sẹ́ẹ̀lì tó kú. Àkókò díẹ̀ wà tí a lè fi gbà á sílẹ̀.

Àkókò yẹn ló ń sá mọ́ wa lọ́wọ́ ní Rẹ́mọ. Ogunlesi àti Abdul tẹ ìwádìí kan jáde ní 2015 lórí ohun tí àwọn ìyá ní Ṣàgámù mọ̀ nípa ibà yìí àti ibi tí wọ́n ń gbé ọmọ lọ. Gbogbo wa la mọ ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀: oòrùn àárọ̀, omi gúlúkóòsì, agbo, títí ọmọ ò fi ní lè mu ọmú mọ́. Bí ọmọkùnrin kan nínú mẹ́rin tàbí márùn-ún láàárín wa ni kò ní èròjà G6PD tó nínú ẹ̀jẹ̀, káńfọ̀ tí wọ́n fi sáàárín aṣọ ọmọ sì tó láti fọ́ ẹ̀jẹ̀ irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Oòrùn tó ń ṣiṣẹ́ gan-an yàtọ̀. Tina Slusher, Bolajoko Olusanya àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn fi hàn nínú New England Journal of Medicine ní 2015, lára àwọn ọmọ ní Èkó, pé abẹ́ ibòji tí wọ́n fi ọ̀rá pàtàkì bò, èyí tó ń sé ìtànṣán tó léwu àti ooru mọ́ ìta, kò rẹ̀yìn sí iná aláwọ̀ búlúù. Ní 2018 wọ́n tún un ṣe ní Ògbómọ̀ṣọ́ fún àwọn tí tiwọn le jù. Ibi tí iná mànàmáná kò ti dá ni lójú, èyí kì í ṣe nǹkan kékeré.

Ohun tó ń dùn mí jù ni àyẹ̀wò tí à ń ṣe lẹ́yìn náà. OAE ni ìdánwò etí tó rọrùn jù fún ọmọ tuntun: sẹ́ẹ̀lì onírun inú kọ́kílíà ló ń dá a lóhùn, ibẹ̀ ló sì parí sí. Ọmọ tí ibà pọ́njú pa ìdí ọpọlọ rẹ̀ á yege nínú rẹ̀ láìsí wàhálà. Arnold Starr àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ṣàpèjúwe irú rẹ̀ ní 1996: OAE wà, ABR kò sí. Ètò tí Olusanya, Wirz àti Luxon ròyìn rẹ̀ ní 2008, tí wọ́n ń ṣe níbi tí ìyá ti ń gba abẹ́rẹ́ BCG fún ọmọ ní Èkó, jẹ́ iṣẹ́ ńlá tí mo bọ̀wọ̀ fún, ṣùgbọ́n OAE ló ṣáájú nínú rẹ̀, ẹni tó bá kùnà nìkan ló ń dé ọ̀dọ̀ ABR. Lórí ọmọ tí mo ń sọ, ìlànà yẹn kò lè mú un. Ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ìgbọ́ràn ọmọdé ní Amẹ́ríkà ti kọ ọ́ sílẹ̀ ní 2007 pé ABR ni kí wọ́n lò fún ọmọ tó bá lò ju ọjọ́ márùn-ún lọ ní wọ́ọ̀dù ìtọ́jú àkànṣe, wọ́n sì ka ibà pọ́njú tó mú kí wọ́n pàrọ̀ ẹ̀jẹ̀ mọ́ ohun tí a kò gbọ́dọ̀ fojú fò.

Rẹ́mọ ní ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ ìṣègùn méjì tí kò jìnnà síra, ti Ṣàgámù àti ti Babcock ní Ìlíṣàn, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìkẹ́nnẹ́. Kí ABR jẹ́ ẹ̀tọ́ gbogbo ọmọ tí wọ́n bá pàrọ̀ ẹ̀jẹ̀ fún ní ilé ìwòsàn èyíkéyìí, kó má jẹ́ ohun tí a ń ṣe bí ìyá bá rántí béèrè. Ẹ̀ẹ̀kan kò tó, torí pé ìgbì tó sọnù lè padà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ọ̀sẹ̀ kẹfà, ìkẹwàá àti ìkẹrìnlá ni ìyá ń gbé ọmọ padà wá gba abẹ́rẹ́ àjẹsára. Bí a bá kọ ìdánwò àkọ́kọ́ sí ọ̀sẹ̀ kẹfà, tí a sì kọ àtúnṣe rẹ̀ sí ìkẹrìnlá lórí káàdì kan náà, a ó ti mọ̀ kí ọmọ tó pé oṣù mẹ́fà, nígbà tí ẹ̀rọ ìgbọ́ràn, èdè ọwọ́ tàbí ẹ̀rọ tí wọ́n ń fi iṣẹ́ abẹ gbé sínú kọ́kílíà ṣì lè ràn án lọ́wọ́ láti ní èdè.